Ṣé O Mọ̀? Africatown, Ìlú Tí Àwọn Tí Wọ́n Kó Lẹ́rú Fi Owó Ara Wọn Dá Sílẹ̀

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Anthony nílùú Èkó láàárọ̀, tó gba Òṣòdì bọ́ sí Mile 2, tó gba Àgbádárìgì kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó sì la Kútọnú kọjá, Ouidah ló máa dé kí ilẹ̀ tó ṣú, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ò bá dá a dúró. Etíkun Ouidah yẹn ni ìtàn ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀. Africatown ni wọ́n ń pè é, ó wà ní Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn tó dá a sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti wá, èdè Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ dàgbà. Ó yá, jẹ́ ká máa kà á ní méní, méjì.

ỌKỌ̀

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 1860 tí wọ́n kó àwọn èèyàn yìí lọ, ó ti pé ọdún 52 tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè? Ọjọ́ kìíní ọdún 1808 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ṣì ń ta ẹrú láàárín ara wọn nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ kó wọn láti Áfíríkà, òfin 1820 kà á sí olè orí òkun, ikú sì ni ìdájọ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀? Timothy Meaher, olówó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣòwò ní Mobile, ló fọ́nnu pé òun á kó ẹrú wọlé níṣojú ìjọba, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi òun ṣe. Ó fi owó lé e.

Ṣé o mọ orúkọ ọkọ̀ náà? Clotilda ni. Ọkọ̀ onígi ni, ó ní òpó ìgbòkun méjì, kò sì gùn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 86 lọ. Ẹrù ni wọ́n kàn án fún, kì í ṣe èèyàn. William Foster tó kàn án lọ́dún 1855 náà ló wà á lọ. Ní oṣù Kẹta 1860 ló ṣí kúrò ní Mobile, wúrà tó tó 9,000 dọ́là sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí Foster ò wá sí Èkó? Èkó ò ṣeé wá mọ́ ni. Ní oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé pé òwò ẹrú ti parí. Ouidah ló kù, abẹ́ ọba Dàhòmì ló sì wà. Glèlè tó gorí oyè lọ́dún 1858 ló ń jọba nígbà náà.

Àwọn wo ni Dàhòmì kó? Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wá lókìkí jù nínú wọn, Kossola, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè ni, nínú orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí? Ó tó ọmọ ọdún 19. Ìdájí ni ogun wọlé, àwọn obìnrin ológun Dàhòmì sì wà níwájú. Wọ́n bẹ́ ọba ìlú rẹ̀ lórí, wọ́n sì so àwọn tó ṣẹ́kù mọ́ra wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ́n dé etíkun. Ẹ̀gbá mọ Dàhòmì yẹn dáadáa. Ó kọlu Abẹ́òkúta lọ́dún 1851, ó tún padà wá lọ́dún 1864, ìgbà méjèèjì ni wọ́n lé e padà. Ìlú Kossola ò ní odi tó lè dá a dúró.

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn 125 ni Foster rà, ṣùgbọ́n 110 ló kó lọ? Bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ kékeré kó wọn gba orí ìgbì bọ̀, ẹni tó wà lórí òpó rí ọkọ̀ méjì lókèèrè. Foster ò dúró. Ó fi àwọn 15 tó kù sí etíkun, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n ti bọ́ gbogbo aṣọ lára wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gòkè wá rí ojú ọ̀run? Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n wà látìgbà tí wọ́n ti ṣí, nínú òkùnkùn. Ẹsẹ̀ àwọn mìíràn ò lè gbé wọn mọ́. Ìrìn náà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ṣé o mọ̀ pé òru ni wọ́n dé Mobile, ní oṣù Keje 1860? Wọ́n kó àwọn èèyàn náà sínú ọkọ̀ míì, wọ́n fà wọ́n gòkè odò, lẹ́yìn náà ni Foster dáná sun Clotilda títí ó fi rì. Kò fẹ́ kí ìjọba rí ohunkóhun tí wọ́n máa fi bá a ṣẹjọ́. Inú irà ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn èèyàn náà pa mọ́ sí, wọ́n ń ṣí wọn kiri. Nígbà tó yá, wọ́n pín wọn: Timothy Meaher kó tirẹ̀, àwọn arákùnrin rẹ̀ kó tiwọn, Foster kó tirẹ̀, wọ́n sì ta àwọn yòókù jìnnà sókè lọ́hùn-ún, ní apá Selma.

Ṣé o mọ̀ pé wọn ò gba ẹgba? Kossola fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn lóko fẹ́ na ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wọn. Gbogbo wọn dà bò ó, wọ́n já ẹgba gbà, wọ́n sì fi ẹgba náà nà án. Kò dán an wò mọ́.

ILẸ̀

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1865 ni wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti dòmìnira? Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń parí lọ. Orí ọkọ̀ ojú omi ni Kossola ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ tó ń ká èso igi jẹ létí omi ló pè wọ́n pé kí wọ́n máa lọ, wọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n bi wọ́n pé níbo ni àwọn fẹ́ máa lọ. Àwọn sójà náà ò mọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ńkọ́? Ilé ni. Nígbà yẹn, àwọn Sàró ti ń padà láti Sàró, àwọn Àgùdà ti ń wọkọ̀ láti Bràsíl wá kọ́lé sí Pópó Àgùdà nílùú Èkó. Àwọn ará Clotilda náà gbà pé àwọn á ṣiṣẹ́, àwọn á tọ́jú owó, àwọn á sì wọkọ̀ padà. Wọ́n ṣe é títí. Owó ọkọ̀ náà ò pé.

Ṣé o mọ̀ pé Kossola lọ béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kó wọn wá? Òun ni àwọn yòókù rán. Ó ń gégi lọ́jọ́ kan nígbà tí Meaher wá jókòó sórí igi tó gé lulẹ̀. Kossola dá àáké dúró. Ó ní inú àwọn bàjẹ́: nílé àwọn, àwọn ní ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ kó wa kúrò níbẹ̀, ẹ fi wá ṣẹrú, ẹ fún wa ní ibi tí a máa gbé. Meaher fò dìde. Ó ní òun tọ́jú àwọn ẹrú òun dáadáa, òun ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n wá ṣe? Wọ́n rà á. Àwọn ọkùnrin ṣiṣẹ́ ní sọ́mìlì, àwọn obìnrin gbin ẹ̀fọ́, wọ́n gbé e lọ sínú Mobile láti tà. Wọ́n fi oúnjẹ du ara wọn. Lọ́dún 1870, Charlie Lewis àti àwọn mìíràn nínú wọn pawọ́ pọ̀ ra éékà méje. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Lewis Quarters di òní olónìí. Lọ́dún 1872, Kossola san 100 dọ́là fún nǹkan bí éékà méjì. Lọ́wọ́ Meaher kan náà ni àwọn mìíràn nínú wọn ti ra ilẹ̀ tiwọn. Kò ta á ní ẹ̀dínwó.

Ṣé o mọ ẹni tí wọ́n fi jẹ baálẹ̀? Ẹni tí o ò ní rò ni. Gumpa, ìbátan ọba Dàhòmì. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló kógun ja àwọn tó kù, àwọn ará ilé rẹ̀ náà ló tà á. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n ní kì í ṣe òun ló ta àwọn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlú, wọ́n sì fi í ṣe olórí. Jaba àti Keeby ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Òfin wọn ò pọ̀: má jalè, má mutí yó, má ṣe ẹnì kejì rẹ níbi. Ẹni tó bá rú u, wọ́n á pè é, wọ́n á bá a wí.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń fi wọ́n ṣẹlẹ́yà? Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà náà ń fi èdè wọn àti ìṣe wọn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tara wọn lọ́dún 1872, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tó wà títí di òní. Itẹ́ òkú wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1876, ilé ẹ̀kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1880. Láàárín ọdún 15 tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n ti ní ilẹ̀, baálẹ̀, adájọ́, ilé ìjọsìn, ibi ìsìnkú àti ibi ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé Africatown nìkan ni ìlú aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà? Rárá o. Ọdún 1887 ni Eatonville ní Florida di ìlú tí òfin mọ̀. Ọdún yẹn náà ni Isaiah Montgomery dá Mound Bayou sílẹ̀ ní Mississippi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ló dá àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀. Àwọn tó dá Africatown sílẹ̀ ṣì rántí ọ̀nà oko bàbá wọn nílé.

ÈÈYÀN

Ṣé o mọ orúkọ àwọn ọmọ Kossola? Mẹ́fà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ Abilé bí, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin kan. Orúkọ méjì méjì ni wọ́n fún wọn: ọ̀kan tí Amẹ́ríkà á máa pè, ọ̀kan ti ilé. Bí òyìnbó ṣe kọ díẹ̀ nínú ti ilé sílẹ̀ ni Iyadjemi, Adeniah, Ebeossi. Iyadjemi ni àkọ́bí. Ìwọ tó gbọ́ Yorùbá, o ò nílò ògbufọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ó pàdánù gbogbo wọn? Celia, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, àìsàn ló pa á, kò ju ọmọ ọdún 15 lọ. Ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọkùnrin rẹ̀ Cudjo. Ọkọ̀ ojú irin pa David. Ọ̀kan jáde nílé lọ́jọ́ kan, kò padà mọ́. Lọ́dún 1908, Abilé kú. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni àkọ́bí náà tẹ̀ lé e. Kossola tún lo ọdún 27 sí i láyé.

Ṣé o mọ̀ pé ó pe iléeṣẹ́ rélùwéè lẹ́jọ́? Lọ́dún 1902, ọkọ̀ ojú irin kọlu ọkọ̀ ẹṣin rẹ̀, ó sì ṣe é léṣe débi pé kò lè ṣiṣẹ́ agbára mọ́. Àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ ní Mobile, òyìnbó ni gbogbo wọn, dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un. Iléeṣẹ́ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Alabama sì yí i padà lọ́dún 1904. Kọ́bọ̀ ò dé ọwọ́ rẹ̀. Ìlú ló fún un ní iṣẹ́: òun ló ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń lu agogo rẹ̀.

Ṣé o mọ ẹni tó gba ìtàn yìí sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀? Òǹkọ̀wé kan, Emma Roche, ti kọ́kọ́ bá òun àti àwọn tó kù sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lọ́dún 1914. Lẹ́yìn náà ni Zora Neale Hurston dé lọ́dún 1927, ó tún padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Eatonville tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni Zora ti dàgbà. Kì í wá lọ́wọ́ òfo, ó máa ń gbé èso wá fún bàbá. Ọjọ́ tí ara bàbá ò bá yá fún ọ̀rọ̀, wọn á jọ jẹun, wọn á jọ tún ọgbà ṣe, yóò sì máa lọ. Kossola ní òun fẹ́ kí ó bá òun sọ ìtàn náà káàkiri, bóyá ẹnì kan nílé á gbọ́, á sì ní òun mọ Kossola.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé náà pẹ́ ọdún 87 kó tó jáde? Zora parí rẹ̀ lọ́dún 1931. Àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní kó tún ọ̀rọ̀ Kossola ṣe sí Gẹ̀ẹ́sì tó dán. Ó kọ̀. Bí bàbá ṣe sọ ọ́ ni òun kọ ọ́. Ìwé náà, Barracoon, jáde lọ́dún 2018. Kossola ti kú láti 1935, Zora ti kú láti 1960.

Ṣé o rò pé Kossola ló kú gbẹ̀yìn nínú wọn? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò fún ọdún tó pọ̀. Òpìtàn kan, Hannah Durkin, ló tú ìwé àtijọ́ títí ó fi rí Redoshi, tí wọ́n ń pè ní Sally Smith, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 12 lọ nígbà tí wọ́n kó o. Àwòrán rẹ̀ wà nínú fíìmù kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́dún 1938. Ó ṣì wà láyé lẹ́yìn ikú Kossola.

Ó ku ọ̀kan. Ṣé o mọ Àbákẹ́? Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú Clotilda. Matilda McCrear ni Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n sí. Ilà wà lójú rẹ̀, ó sì ń di irun rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dì í nílé, títí ó fi darúgbó. Lọ́dún 1931, nígbà tó ti lé ní 70 ọdún, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bí máìlì 15 dé kóòtù Selma láti béèrè owó gbà-má-bínú fún bí wọ́n ṣe jí i gbé. Wọ́n dá a padà lọ́wọ́ òfo. Ó kú ní oṣù Kìíní 1940.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Africatown kan ló gba bọ́ọ̀lù tó fi ìdíje àgbáyé béésìbọ́ọ̀lù 1969 tì? Cleon Jones ni, agbábọ́ọ̀lù New York Mets. Ó padà wálé lẹ́yìn eré, ó sì ń tún ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe.

Questlove onílù ńkọ́? Àrọ́mọdọ́mọ Charlie Lewis ni. Orí ètò tẹlifíṣọ̀n kan ló ti gbọ́ ọ lọ́dún 2017, nígbà tí wọ́n wá ìran rẹ̀ dé orí Clotilda.

ÌLÚ LÓNÌÍ

Ṣé o mọ̀ pé Africatown ti tóbi ju báyìí lọ? Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ tó 12,000. Lónìí, nǹkan bí 2,000 ni. Èrò tó ń wọkọ̀ ní Anthony láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló lé wọn? Àwọn iléeṣẹ́ pépà ńláńlá wọ ìlú, wọ́n gbé iṣẹ́ wá, wọ́n sì gbé èéfín àti òórùn wá. Nígbà tí wọ́n tì pa, iṣẹ́ lọ, ìdọ̀tí kù. Ọ̀nà márosẹ̀ tó gun afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1991 la àárín ìlú kọjá, ó sì kó ṣọ́ọ̀bù àti ilé lọ. Lọ́dún 2017, ọ̀pọ̀ ará ìlú gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù lórí ohun tí wọ́n ní iléeṣẹ́ kan fi sínú afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún làwọn kan fi sọ pé àròsọ ni ọkọ̀ náà? Àwọn àgbà Africatown ò yéé sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Ìjọba fi àárín ìlú wọn sínú ìwé ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní 2012. Ní oṣù Karùn-ún 2019, àjọ ìtàn Alabama kéde pé àwọn ti rí Clotilda nínú ẹrẹ̀ odò Mobile, tòun ti àmì iná lára igi rẹ̀. Ibi tí àwọn àgbà ní ó wà náà ló wà. Fíìmù Descendant tí Margaret Brown ṣe nípa wọn jáde lọ́dún 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Africatown sì ṣílẹ̀kùn ní oṣù Keje 2023.

Èyí tó kẹ́yìn. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n gbé Meaher lọ sí kóòtù? Bẹ́ẹ̀ ni o, lórí ẹ̀sùn pé ó kó ẹrú wọlé. Lọ́dún 1861, ẹjọ́ náà túká, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí tó tó. Kò sí ẹni tó lọ ẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan lórí èèyàn 110. Ní Lewis Quarters, àrọ́mọdọ́mọ Charlie Lewis ṣì ń gbé orí éékà méje tí òun àti àwọn mìíràn fi owó wọn rà lọ́dún 1870. Ẹni tó bá tún ń wá ẹ̀rí, kó lọ kan ilẹ̀kùn wọn.